Gbogbo Rẹ̀ Láìgé: Ìdí Tí Àwọn Àgbàlagbà Fi Ń Jà Nítorí Kàtúùnù Tom and Jerry

Nígbà ìsinmi ọdún Àjíǹde tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná wà, mo fa páálí kan jáde lábẹ́ ibùsùn, mo sì mú VCD àtijọ́ kan jáde nínú rẹ̀. Bàbá mi ló rà á fún wa nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Tom and Jerry ni. Àwòrán rẹ̀ ti ṣú, ó sì ń há níbi tí ojú VCD náà ti bó, síbẹ̀ ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àfi bó ṣe dákẹ́ lójijì, tó kọjú sí mi.

"Àǹtí, kí ló dé tí ohùn màmá yìí yàtọ̀ sí ti inú fóònù Mọ́mì? Kí ló sì dé tí wọn kì í fi ojú rẹ̀ hàn?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Mo ti wo kàtúùnù yìí láti kékeré, n kò bi ara mi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn àgbà kò purọ́ tí wọ́n fi sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí ọmọ sùn tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí ọ̀rọ̀, mo sì rí i pé ohun tí ọmọ ọdún méje bi mí wà lára ohun tí àwọn olólùfẹ́ kàtúùnù ní Amẹ́ríkà ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù fà fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò ṣòroó sọ: kí a kó àwọn kàtúùnù àtijọ́ jáde fún títà bí àwọn tó ṣe wọ́n ti ṣe wọ́n gan-an, kí àwòrán wọn mọ́, kí ohùn wọn pé, kí a má sì gé ohunkóhun kúrò.

Kì í ṣe ọmọdé nìkan la ṣe é fún

Ohun àkọ́kọ́ tó yà mí lẹ́nu ni pé a kò ṣe Tom and Jerry fún ọmọdé nìkan, a kò sì ṣe é fún amóhùnmáwòrán. Ilé sinimá la ṣe é fún. Ní ayé ìgbà náà, bí ènìyàn bá sanwó wọ ilé sinimá ní Amẹ́ríkà, wọn a kọ́kọ́ fi ìròyìn àti kàtúùnù kékeré kan hàn án kí fíìmù ńlá tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n jọ ń wò ó nínú òkùnkùn, lórí aṣọ funfun tó ga ju ilé lọ.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì ọdún 1940 ni àkọ́kọ́ rẹ̀, *Puss Gets the Boot*, jáde láti ilé iṣẹ́ MGM. Jasper ni orúkọ ológbò náà nígbà náà, kò tíì di Tom. William Hanna àti Joseph Barbera ni wọ́n darí rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ darí 114 irú rẹ̀ títí di ọdún 1958. Méje nínú wọn gba àmì ẹ̀yẹ Oscar. Olórin tó ń kọ orin wọn, Scott Bradley, a máa kó ẹgbẹ́ akọrin ńlá jọ kí orin lè bá ìgbésẹ̀ ológbò mu ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Àwòrán 24 ló ń kọjá lójú wa láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kàtúùnù oníṣẹ́jú méje yóò gba ohun tó lé ní 10,000 àwòrán. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yà á, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kùn ún. Nítorí àwọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni kámẹ́rà ń ya àwòrán kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀kan fún pupa, lẹ́ẹ̀kan fún àwọ̀ ewé, lẹ́ẹ̀kan fún búlúù, kí wọ́n tó pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ ìdí tí ọkàn olólùfẹ́ fi ń bàjẹ́ tó bá rí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó ṣú bí omi ẹrẹ̀ lórí VCD bíi tèmi.

Iná, ọ̀bẹ àti ìpààrọ̀ ohùn

Nígbà tí amóhùnmáwòrán gbòde, àwọn kàtúùnù wọ̀nyí bá a wọ ilé, wọ́n sì di ti ọmọdé. Ibẹ̀ ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀.

Èkíní ni ọ̀rọ̀ fíìmù fúnra rẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1951, oríṣi fíìmù kan tí a ń pè ní nitrate ni wọ́n ń lò. Ó máa ń mú àwòrán dán, ṣùgbọ́n ó yára gbiná gan-an, bí ó bá sì pẹ́, ó ń jẹrà. Ní ọdún 1978, iná jó ilé àkójọpọ̀ fíìmù kan ní ìlú Rochester, ní ìpínlẹ̀ New York, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ojúlówó fíìmù MGM sí. Ohun tí kámẹ́rà kọ́kọ́ gbà di eérú. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ tún irú àwọn kàtúùnù bẹ́ẹ̀ ṣe ní láti máa wá ẹ̀dà tó kù kiri, kó sì fi sùúrù nu ìdọ̀tí ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkejì ni ọ̀bẹ. MGM fúnra rẹ̀ tún àwọn kàtúùnù yìí gbé jáde ní sinimá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó sì yọ ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀ tó ní orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ lára ọ̀pọ̀ wọn. Láti ọdún 1954, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe díẹ̀ nínú wọn fún aṣọ sinimá tó fẹ̀ gan-an, èyí tí wọ́n ń pè ní CinemaScope. Amóhùnmáwòrán ìgbà náà kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì dànù. Nígbà mìíràn, ẹ ó rí ológbò tó ń sáré tẹ̀lé ohun tí ẹ kò rí. Èkúté wà níbẹ̀ o. Wọ́n ti gé e sọnù ni.

Ẹ̀kẹta ló kan ìbéèrè ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Màmá tí a kò rí ojú rẹ̀

Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni màmá inú Tom and Jerry. Ẹsẹ̀ rẹ̀, bàtà rẹ̀ àti ìgbálẹ̀ rẹ̀ nìkan la sábà máa ń rí. Mammy Two Shoes ni àwọn ènìyàn ń pè é. Àpẹẹrẹ ojú tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń wo obìnrin dúdú ní Amẹ́ríkà ìgbà náà ni: ọmọ ọ̀dọ̀ tó sanra, tó ń pariwo, tí kò ní orúkọ, tí kò sì ní ojú. Kò sí ọmọ Yorùbá tó gbọ́n tí èyí kò ní dùn.

Ṣùgbọ́n ènìyàn gidi ló wà lẹ́yìn ohùn náà. Lillian Randolph ni orúkọ rẹ̀, òṣèré adúláwọ̀ tó gbajúmọ̀ lórí rédíò, tó sì kópa nínú fíìmù *It's a Wonderful Life* ní ọdún 1946. Òun ni ohùn màmá náà títí di ọdún 1952.

Ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi àwọn kàtúùnù náà hàn lórí amóhùnmáwòrán, wọ́n tún àwọn ibìkan yà. Wọ́n kun ẹsẹ̀ dúdú ní funfun, wọ́n sì fi ohùn obìnrin mìíràn rọ́pò ti Randolph, pẹ̀lú ahọ́n àwọn ará Ireland. Nínú *Saturday Evening Puss* ti ọdún 1950, wọ́n yọ màmá náà kúrò pátápátá, wọ́n fi ọmọge aláwọ̀ funfun tó tẹ́ẹ́rẹ́ dípò rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú kàtúùnù yẹn wà lára àwọn ibi díẹ̀ tí a ti rí ojú màmá náà fìrí, bó ṣe ń sáré bọ̀ wálé. Ní àwọn ọdún 1990, wọ́n tún gba ohùn mìíràn sílẹ̀, ti Thea Vidale, kí èdè rẹ̀ má baà dà bí ẹ̀sín mọ́. Ìdí nìyẹn tí ohùn inú VCD mi kò fi bá ti inú fóònù Mọ́mì mu.

Mo ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ púpọ̀. Ó jọ oore ní ojú àkọ́kọ́. Àmọ́, nígbà tí a bá kun ẹsẹ̀ dúdú ní funfun, ta la ṣe lóore? Ẹni tó yàwòrán ẹ̀sín náà kò pàdánù nǹkan kan. Orúkọ rẹ̀ kò bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń pa owó. Obìnrin dúdú tó ṣiṣẹ́ tirẹ̀ dáadáa ni a pa lẹ́nu mọ́.

Ìjà ọdún 2013

Ní ọdún 2011, ilé iṣẹ́ Warner, tí àwọn kàtúùnù náà ti di tirẹ̀, gbé àpótí Blu-ray kan jáde tí wọ́n pè ní *Golden Collection*. Kàtúùnù 37 ló wà nínú rẹ̀, ní títẹ̀lé ọdún tí wọ́n jáde, láìgé. Inú àwọn olólùfẹ́ dùn. Wọ́n ń retí ìpele kejì, tí wọ́n dá oṣù Kẹfà ọdún 2013 fún. Nígbà tí orúkọ ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ jáde, méjì ló sọnù láàárín wọn: *Mouse Cleaning* ti ọdún 1948 àti *Casanova Cat* ti ọdún 1951. Nínú èkíní, èédú bo Tom, wọ́n sì mú kó máa sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń fi adúláwọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú èkejì, Tom fi èéfín sìgá kun ojú Jerry ní dúdú, ó sì fipá mú un jó.

Àwọn olólùfẹ́ fárígá. Wọ́n ní àpótí tí a ṣe fún àgbàlagbà tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ kò gbọdọ̀ ní àlàfo. Àpótí kejì náà kò jáde mọ́ rárá. Àwọn tó fẹ́ gbogbo rẹ̀ pàdánù gbogbo rẹ̀, ohun tó sì dun àwọn mìíràn nínú wọn nìyẹn: wọ́n ní ìbá sàn kí a gba èyí tó wà ná.

Ọdún 12 ni wọ́n fi dúró. Ní ọdún 2025, Warner kó gbogbo kàtúùnù 114 tí Hanna àti Barbera darí jáde pa pọ̀, àwọn méjì tó dá wàhálà sílẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà lóòótọ́. Síbẹ̀ ìjà kò tíì tán. Àwọn kàtúùnù 11 kan wà nínú Looney Tunes àti Merrie Melodies tí a ti yọ kúrò lórí amóhùnmáwòrán láti ọdún 1968 nítorí bí wọ́n ṣe ya aláwọ̀ dúdú. Ilé iṣẹ́ tó ni wọ́n kò tíì kó wọn jọ jáde fún títà.

Ṣé ọmọ mi yóò wá wò ó?

Mo mọ̀ pé ìyá tó ń ka èyí yóò bi mí pé, "Ṣé irú nǹkan báyìí ni kí n gbé sílẹ̀ fún ọmọ mi?" Rárá o. Ìyàtọ̀ wà láàárín pípa nǹkan mọ́ àti gbígbé e síwájú ọmọdé. Oògùn wà nínú ilé, a kò jù ú dànù, a kò sì gbé e sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọ ti lè tó o. Nínú àpótí Looney Tunes kan tó jáde ní ọdún 2005, Whoopi Goldberg, òṣèrébìnrin adúláwọ̀, ló kọ́kọ́ bá òǹwòran sọ̀rọ̀ pé bí a bá yọ àwọn àwòrán ẹ̀tanú náà kúrò, ńṣe ló dà bíi pé a ń sọ pé ẹ̀tanú kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀nà tó yẹ nìyẹn lójú tèmi: ẹ pa á mọ́ ní pípé, ẹ kọ àlàyé sí i, ẹ sì jẹ́ kí òbí pinnu.

Bí ẹ bá fẹ́ bá àwọn ọmọ wo kàtúùnù àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ dá a wò. Ẹ jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń wò ó. Bí ohun tí kò dára bá yọ, ẹ má sáré pa á. Ẹ dá a dúró, kí ẹ bi ọmọ pé kí ló rí. Ọmọ tí a ti là lóye nílé kò ní dàrú bó bá pàdé rẹ̀ níta.

Bó bá jẹ́ tiwa ńkọ́?

Bí mo ti ń ka ìtàn àwọn olólùfẹ́ wọ̀nyí, ọkàn mi lọ sílé. Olóògbé Hubert Ogunde gbé *Aiye* jáde ní ọdún 1979 àti *Jaiyesimi* ní ọdún 1980. Àwọn òbí wa tò lórí ìlà láti wò wọ́n ní sinimá. Èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ Yorùbá, ẹ̀dà tó ṣú, tí ohùn rẹ̀ ń já, ni mo fi kọ́ nípa wọn. Mo wá rí i pé kì í ṣe ìwà ọmọdé ni kí àgbàlagbà máa jà nítorí kàtúùnù. Ẹni tó bá ń bèèrè pé kí a tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó ti lọ, ó yẹ kí a gbọ́ ọ, kí a sì kọ́ bí a ti ń bèèrè tiwa.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ padà sí Èkó, mo fún un lésì. Mo sọ fún un pé Lillian Randolph lorúkọ ẹni tó ni ohùn inú VCD wa, pé àwọn tó ya àwòrán náà kò ka ènìyàn dúdú sí nígbà náà, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ya ojú fún un. Ó ronú díẹ̀.

"Ṣé ó rẹwà?"

Mo ṣí fọ́tò obìnrin náà lórí fóònù mi, mo gbé e fún un. Ó wò ó pẹ́ títí.

"Ó jọ Màámi àgbà," ló wí.