Àwọn Hundred Chiltern

Àwọn Hundred Chiltern ni àpapọ̀ orúkọ ẹkùn ìṣàkóso àtijọ́ mẹ́ta ní kọ́ńtì Buckinghamshire, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Stoke, Desborough àti Burnham. Ó ti pẹ́ tí iṣẹ́ ìṣàkóso ti kúrò lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ wọn ṣì wà nínú òfin ilẹ̀ náà, nítorí pé ipò alábòójútó wọn jẹ́ ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì tí aṣòfin lè gbà fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin, èyí tí wọ́n ń pè ní House of Commons.

Ìtumọ̀ hundred

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, «hundred» túmọ̀ sí ọgọ́rùn-ún. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìtàn ṣe ni pé ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kà sí ọgọ́rùn-ún hide nígbà tí wọ́n bá ń pín owó orí. Hide ni ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n gbà pé ó tó bọ́ ìdílé kan. Ní tòótọ́, hundred kan lè tóbi ju òmíràn lọ dáadáa. Lábẹ́ kọ́ńtì ni hundred wà, àwọn abúlé sì wà lábẹ́ hundred. Ní àwọn apá ibi tí àwọn ará Denmark ti tẹ̀dó sí ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn, wapentake ni wọ́n ń pe irú ẹkùn bẹ́ẹ̀.

Òfin kan tí ó jáde ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kẹwàá pàṣẹ pé kí àwọn ènìyàn hundred máa pàdé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́, kí wọ́n sì máa lépa olè. Ìta gbangba ni ìpàdé náà sábà máa ń wáyé, lẹ́bàá igi ńlá, òkìtì tàbí ibi tí a ti ń la odò kọjá.

Ilẹ̀ àti ìlú inú wọn

Orúkọ Chiltern wá láti ara àwọn òkè ẹfun tí igbó bò, tí wọ́n wà ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. High Wycombe àti Marlow wà nínú Desborough. Amersham, Chesham àti Beaconsfield wà nínú Burnham. Eton àti Stoke Poges sì wà nínú Stoke. Ọ̀nà tó ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Oxford gba Beaconsfield àti High Wycombe kọjá. Ìtàn tí a jogún sọ pé àwọn ọlọ́ṣà máa ń fi igbó yìí ṣe ibùba, pé nítorí wọn ni ọba sì ṣe yan alábòójútó kan láti máa dáàbò bo àwọn ará ibẹ̀ àti àwọn arìnrìn-àjò.

Ẹ̀bi kan, gbèsè gbogbo ará

Ààbò ojú ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ aláṣẹ nìkan. Ní ọdún 1285, Ọba Edward Kìn-ín-ní ṣe Òfin Winchester. Bí wọ́n bá ja ènìyàn lólè nínú hundred kan, tí àwọn ará ibẹ̀ kò sì mú ọ̀daràn náà jáde, gbogbo hundred ni yóò san ohun tí ó sọnù. Òfin yìí kan náà pàṣẹ pé kí wọ́n ṣán igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó so àwọn ìlú ọlọ́jà pọ̀, ní ẹsẹ̀ bàtà 200 ní apá ọ̀tún àti apá òsì, kí ọlọ́ṣà má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa olè náà lè bá wọn san nínú gbèsè rẹ̀. Ìdí nìyí tí gbogbo ènìyàn fi gbọ́dọ̀ jáde bí wọ́n bá gbọ́ igbe «olè!».

Bí ipò náà ṣe di ọ̀nà àbájáde

Ní ọdún 1624, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojúṣòfin pinnu pé ẹni tí wọ́n bá ti yàn kò lè kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìjókòó nílé aṣòfin sí ẹrù tí ìlú dì ru ènìyàn, kì í ṣe oyè tí ó lè bọ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin tún ń bẹ̀rù pé ọba lè fi ipò olówó ra ọkàn wọn. Nítorí náà, òfin ọdún 1707 sọ pé aṣòfin tí ó bá gba irú ipò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọba ti pàdánù ìjókòó rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè tún un yàn. Ibi tí wọ́n ti ń ti ilẹ̀kùn kan ni òmíràn ti ṣí. Ní ọdún 1751, John Pitt, aṣojú Wareham, gba ipò alábòójútó àwọn Hundred Chiltern kí ó lè kúrò níbẹ̀, kí ó sì díje ní Dorchester. Nígbà yẹn, ipò náà kò ní iṣẹ́ gidi kankan mọ́.

Láti ìgbà náà ni àṣà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mínísítà ètò ìnáwó ni ó ń yan ènìyàn sí ipò náà. Ipò kejì tí wọ́n ń lò bákan náà ni ti Northstead, ní Yorkshire. Òfin ọdún 1975 dárúkọ àwọn méjèèjì. Tony Blair gba ti Chiltern ní oṣù kẹfà ọdún 2007, nígbà tí ó kúrò nílé aṣòfin.

Àṣà náà kò tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn. Ní ọdún 2011, Gerry Adams, aṣojú ìwọ̀-oòrùn Belfast tí kò gbà pé ọba Gẹ̀ẹ́sì ní àṣẹ lórí Ireland, kọ̀wé pé òun fipò sílẹ̀. Wọ́n ka ìwé rẹ̀ sí ìbéèrè fún ipò Northstead, wọ́n sì yàn án sí i. Ó ní òun kò béèrè fún un, òun kò sì gbà á. Síbẹ̀, ìjókòó náà ti ṣófo.

Ìparí iṣẹ́ àwọn hundred

Nínú ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni iṣẹ́ hundred bọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá gba ti ààbò, ilé-ẹjọ́ kọ́ńtì gba ti ẹjọ́. Ní ọdún 1886, òfin mú gbèsè ohun tí rògbòdìyàn bá bàjẹ́ kúrò lọ́rùn hundred. Ní ọdún 1894, wọ́n dá àwọn ìgbìmọ̀ àgbègbè tuntun sílẹ̀. Síbẹ̀, kò sí òfin kan tí ó pa àwọn hundred rẹ́ ní tààrà.