Ta Ló Fún Ajá Ní Májèlé Jẹ?

Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọ́n bá òkú ajá lẹ́nu géètì, tí itọ́ ti hó sí i lẹ́nu, ohun tí ará ilé kọ́kọ́ máa ń sọ ni pé "wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ." Olè ni wọ́n ń bá wí, tàbí aládùúgbò tí gbígbó ajá kì í jẹ́ kó sùn. Kì í ṣe irọ́ ní gbogbo ìgbà, torí olè máa ń ju ẹran onímájèlé sí ajá kó tó fo ògiri. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò bíi Jíbówú ní Èkó, tí ilé fara kan ilé lẹ́bàá ọ̀nà Ìkòròdú, tí ayálégbé púpọ̀ sì ń lo ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, májèlé tó sún mọ́ ajá jù lọ, ọwọ́ àwa tí à ń bọ́ ọ ló wà.

Ẹ wo Sniper. Dichlorvos ni oògùn inú rẹ̀, kòkòrò oko ni wọ́n sì ṣe é fún, àmọ́ yàrá mélòó ni kò sí? Nígbà tí ìròyìn àwọn tó ń gbé e mu pọ̀, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, fòfin de ìgò kékeré rẹ̀ oní 100 ml lọ́dún 2019. Síbẹ̀, Ota Piapia tí wọ́n ń pò fúnra wọn ṣì wà lórí àtẹ, nínú ìgò tí kò ní àkọlé kankan. Dichlorvos kì í jẹ́ kí iṣan ara sinmi: itọ́ á máa dà, ajá á máa bì, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, gìrì á gbé e, èémí á sì há. Àwọn kan tilẹ̀ ń pò ó mọ́ omi láti fi wẹ ajá eléégbọn. Eégbọn á kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n awọ ajá ń fà á mu, ahọ́n rẹ̀ á sì lá èyí tó kù. Wọ́n á ní ojúlówó oògùn eégbọn ti wọ́n jù. Ẹni tí kò bá lówó rẹ̀, kó fọwọ́ já eégbọn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ńlá ni, àmọ́ kò ní pa ajá.

Oògùn eku burú lọ́nà mìíràn. Inú ẹja gbígbẹ ni wọ́n ń fi í sí, oúnjẹ tí ajá fẹ́ràn gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jẹ́ kí ara rí Vitamin K lò, èyí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Ajá tó jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Ajé lè máa ṣeré títí di Ọjọ́bọ̀ kí ẹ̀jẹ̀ tó yọ ní imú tàbí èrìgì. Nígbà yẹn, ẹni tó dẹ oògùn náà ti gbàgbé, olè ló kù tí wọ́n máa dá lẹ́bi.

Ti oúnjẹ ńkọ́? Àwọn àgbà á ní, "Ajá bàbá wa jẹ ọbẹ̀ títí tó fi darúgbó." Bẹ́ẹ̀ ni, torí eegun àti omi ọbẹ̀ díẹ̀ ló ń kàn án. Àlùbọ́sà máa ń fọ́ ẹ̀jẹ̀ ajá, sísè kò sì pa agbára rẹ̀. Gíráàmù 15 sí 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ti tó láti ṣe é léṣe. Fún ajá oníkílò 10, ìyẹn ò ju àlùbọ́sà ńlá kan tàbí méjì lọ. Ìyókù ọbẹ̀ ayẹyẹ lè kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni àárẹ̀ á dé, ìtọ̀ rẹ̀ á sì pọ́n. Aáyù wà nínú ẹbí yẹn, ṣokoléètì àti èso àjàrà náà kò dára fún un. Parasítámọ́ọ̀ tí wọ́n ń fún ajá tí ara rẹ̀ gbóná sì ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́.

Epo pupa ni gbogbo ilé gbà gbọ́ pé ó ń rọ májèlé. Kò rọ dichlorvos. Ọ̀rá ni oògùn yẹn ń bá lọ, epo tàbí mílíìkì lè mú kó tètè wọ ara. Ajá tí gìrì gbé kò sì lè gbé nǹkan mì. Ohun tí wọ́n bá rọ sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Wọ́n á ní ajá lágbájá mu epo, ó yè. Bóyá ohun tó jẹ ni kò tó pa á. Àwọn tó mu epo tí wọ́n sì kú, ta ló ń kà wọ́n?

Ọ̀dọ̀ dókítà ẹran ni kí wọ́n gbé ajá tó bá jẹ májèlé lọ kíákíá, kí wọ́n sì mú ìgò tàbí páálí oògùn náà dání. Ti Sniper, abẹ́rẹ́ atropine ni. Ti oògùn eku tó ń mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, Vitamin K1 ni. Bí ayálégbé kan bá sì mọ̀ pé òun ló dẹ oògùn sẹ́yìn ilé, kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí dókítà lè mọ èyí tó máa fún un.