Bí Kọ̀ǹpútà Bá Kọ̀ Tí Kò Kú Bọ̀rọ̀, Ẹ Má Tíì Lé Ọlọ́dẹ

STOCKBRIDGE, Georgia — Ẹ ti ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé tán, ẹ tẹ "Shut down", ẹ sì ń retí kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, fáànù ṣì ń kùn. Ní ilé ọ̀pọ̀ nínú àwa tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, àwa náà ni ẹlẹ́rọ. Bí kọ̀ǹpútà Mọ́mì bá ti ń wọ́ ẹsẹ̀, orúkọ wa ni wọ́n máa pè.

Ọ̀nà àbùjá méjì ló sábà máa ń wá sí wa lọ́kàn: kí a tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ẹ̀rọ náà yóò fi kú, tàbí kí a yọ antivirus dànù pátápátá. Ẹ mú sùúrù. Ó lè má jẹ́ pé ọlọ́dẹ ya ọ̀lẹ. Ó lè jẹ́ pé ọlọ́dẹ méjì ló ń jà lẹ́nu géètì kan.

Kí ló ń fà á?

Antivirus kò dà bí ètò tí a fi ń kọ lẹ́tà. Ìsàlẹ̀ Windows ló ń gbé, tó ń yẹ fáìlì tí a bá ṣí tàbí tí a bá fi pamọ́ wò. Nígbà tí a bá ń pa kọ̀ǹpútà, gbogbo ètò tó wà ní ṣíṣí ló ń sáré kó ẹrù wọn pamọ́, iwájú ọlọ́dẹ yìí ni wọ́n sì ń gbà kọjá. Òun náà ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó gbọ́dọ̀ fi pamọ́ kó tó lọ. Windows sábà máa ń fún iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 láti palẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan lè tọrọ àyè sí i.

Bí antivirus bá wá di méjì, èkíní á máa yẹ iṣẹ́ èkejì wò, èkejì á máa yẹ ti èkíní wò. Microsoft Defender ti wà nínú Windows 10 àti 11 látilẹ̀, ó sì sábà máa ń yẹra bí òmíràn bá dé. Ìjà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ṣọ́ọ̀bù fún àdánwò bá pàdé èyí tí Dádì rà lẹ́yìn náà. Ọkọ̀ kì í ní awakọ̀ méjì.

Ẹ wádìí kí ẹ tó dájọ́

1. Bí ẹ bá rí "Update and shut down", Windows ló ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ jẹ́ kó parí. Bí ẹ bá fi bọ́tìnnì pa á láàárín iṣẹ́, fáìlì lè bàjẹ́.

2. Ẹ ṣí Event Viewer. Ẹ wọ Applications and Services Logs, lẹ́yìn náà Microsoft, Windows, Diagnostics-Performance, kí ẹ sì tẹ Operational. Nọ́ńbà 200 ń sọ bí ó ṣe pẹ́ tó kí ẹ̀rọ náà tó kú. 203 ń dárúkọ iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó fa ìdádúró. Bí orúkọ antivirus bá ń yọjú níbẹ̀ léraléra, ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́.

3. Ẹ wọ Windows Security láti mọ antivirus tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ yọ ìyókù. Bí àjẹkù bá ṣẹ́kù, ilé-iṣẹ́ bíi McAfee àti Norton ní irinṣẹ́ ìyọkúrò tiwọn. Orí ìkànnì ilé-iṣẹ́ náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Bí ó bá jẹ́ Kaspersky lẹ bá, ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de títà rẹ̀ níbí. Láti ìparí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni kò ti lẹ́tọ̀ọ́ láti fi àtúnṣe ránṣẹ́ síbí mọ́.

4. Ẹ tẹ "Restart", kì í ṣe "Shut down". Níbi tí Fast Startup bá ti ń ṣiṣẹ́, "Shut down" ń fi apá kan Windows pamọ́ fún ọjọ́ kejì. "Restart" ló ń jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá pa á, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú rẹ̀.

Bó bá ṣì ń falẹ̀, ẹ gba àtúnṣe tuntun fún antivirus náà. Bí ìyẹn kò bá ràn án, ẹ yọ ọ́, kí ẹ rí i dájú pé Defender ti gba ipò rẹ̀, kí ẹ sì tún dán an wò. Ilé kò ní wà láìní ọlọ́dẹ fún ọjọ́ kan.

Nítorí wèrè ìta la ṣe ń ní ti ilé

Atlanta kò jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2018, SamSam, ètò burúkú tó ń ti fáìlì pa tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, wọ kọ̀ǹpútà ìjọba ìlú náà. Nǹkan bíi $51,000 ni wọ́n béèrè, ní bitcoin. Àwọn ará ìlú kò lè san owó omi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pápákọ̀ òfurufú Hartsfield-Jackson sì pa Wi-Fi rẹ̀. Ìlú kò san owó náà, ṣùgbọ́n àtúnṣe gba ju mílíọ̀nù 2 dọ́là lọ.

Òótọ́ ni pé ọlọ́dẹ náà lè ṣèṣì. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2024, àtúnṣe kan láti ọwọ́ CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, da nǹkan bíi mílíọ̀nù 8.5 ẹ̀rọ Windows rú káàkiri ayé. Delta, tó fi Atlanta ṣe ibùjókòó, fagi lé nǹkan bíi 7,000 ìrìn-àjò bàálù láàárín ọjọ́ márùn-ún. Síbẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe kì í tìtorí ìyẹn ṣí géètì rẹ̀ sílẹ̀.

Inú kọ̀ǹpútà Mọ́mì ni ìwé owó-orí wà, ìwé ìgbélùú, àti àkáǹtì tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sílé. Bí ojú rẹ̀ bá dédé ń pariwo pé antivirus ti bàjẹ́, kí wọ́n pe nọ́ńbà kan kíákíá, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má pè é. Microsoft kì í fi nọ́ńbà fóònù sínú ìkìlọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọn ni kí wọ́n pè.