Ọ̀nà tí Bàbá Sàlá, Àwòrò àti Bàbá Sùwé Gbà Dé Ilé Wa

Oṣù kẹwàá ọdún 2018 ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, òṣèré aláwàdà tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, dágbére fáyé ní Iléṣà. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2020, Jímọ̀h Àlíù, òṣèré tí a mọ̀ sí Àwòrò, tẹ̀ lé e. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn tí Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, Òrìṣàbùnmi, náà fi pa ipò dà ní oṣù kìíní ọdún 2021. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn kan náà ni ikú mú Babátúndé Omídínà, Bàbá Sùwé, lọ ní ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Charles Olúmọ tí a mọ̀ sí Àgbákò tiẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2024.

Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti lọ, àwòrán rẹ̀ á gba gbogbo fóònù kan. Àwọn ènìyàn á kọ ọ́ síbẹ̀ pé sùn un re o, àwọn òṣèré á sunkún níwájú kámẹ́rà, ìjọba á fi ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn ránṣẹ́. Èmi náà máa ń wo àwọn àwòrán wọ̀nyí, ọkàn mi sì máa ń gbọgbẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé ojú wọn nìkan la mọ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́, ohun tó sọ wọ́n di gbajúmọ̀, àti ìdí tí púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn fi ṣòro láti rí lónìí, ọmọ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún kò gbọ́ ọ rí.

Ọ̀dọ̀ Hubert Ògúndé la ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ọ̀sọsà ni, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ọlọ́pàá sì ni. Eré ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ ń ṣe ní Èkó ní 1944. Nígbà tó di 1946, ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, ó sọ eré di iṣẹ́ tó ń jẹ. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò dán wò ṣáájú rẹ̀ lóde òní nìyẹn, pé kí ènìyàn kó àwọn òṣèré jọ, kó máa san owó fún wọn, kó sì máa gbé wọn kiri láti ìlú dé ìlú. Lẹ́yìn rẹ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá ṣe é, Dúró Ládipọ̀ ṣe é, Ọ̀yìn Adéjọbí ṣe é. Ní 1984 tí ọ̀jọ̀gbọ́n Bíọ́dún Jéyìífò gbé ìwé jáde lórí wọn, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ilé ọ̀gá ni ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọ̀gá ló ni ọkọ̀, òun ló ni aṣọ, ìlù àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọmọ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ á wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, á máa fọ aṣọ, á máa gbé ẹrù, á máa lu agogo lẹ́yìn, títí ọjọ́ tí ẹnìkan á ṣàìsàn tí wọ́n á ní kó bọ́ síwájú. Àwọn ìyàwó ọ̀gá náà ló sábà máa ń ṣe ipa obìnrin, nítorí pé àwọn òbí kì í fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn bá eléré lọ. Bí wọ́n bá dé ìlú kan ní ọ̀sán, ọkọ̀ á yí ìlú ká, ẹni tó ní ohùn jù á máa pariwo orúkọ eré sínú gbohùngbohùn, àwọn ọmọdé á máa sáré tẹ̀ lé e nínú eruku. Tó bá di alẹ́, gbọ̀ngàn ìlú tàbí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan á ti di ibi ìtàgé.

Wọn kì í sì í ka eré láti inú ìwé. Karin Barber, òyìnbó obìnrin tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, bá ẹgbẹ́ Ọ̀yìn Adéjọbí rìn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì kọ nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gá á sọ ìtàn náà fún wọn, á ní ìwọ ni ọba, ìwọ ni ìyáálé, ibi báyìí ni ìjà á ti bẹ̀rẹ̀. Òṣèré kọ̀ọ̀kan ló máa fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Bí òwe kan bá mú àwọn ènìyàn pariwo ní Ìwó, á padà sọ ọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, á sì fi òmíràn lé e. Ibẹ̀ ni ẹnu àwọn tí a ń sọ yìí ti mú. Mo sọ ọ́ láìfòyà pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tó tíì lè fi irú Yorùbá bẹ́ẹ̀ sí ẹnu òṣèré láti ìgbà náà wá.

Ọ̀nà yìí gan-an ni Jímọ̀h Àlíù gbà. Òkè-Ìmẹ̀sí ní Èkìtì ni wọ́n ti bí i, babaláwo sì ni bàbá rẹ̀. Ní 1959 ni ọmọkùnrin náà bá ẹgbẹ́ Akin Ògúngbè lọ. Nígbà tó di 1966, ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Ó wọ iṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, ó sì tún padà sídìí eré. Ẹni tó bá mọ̀ pé ọmọ babaláwo ni kò ní bi í léèrè ibi tó ti rí ọfọ̀ tó ń pè nínú Àrélù, eré rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ẹni tó bá ti gbọ́n díẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 á rántí Àrélù. Nínú eré náà, Fádèyí Olóró á jáde pẹ̀lú oògùn lára, ojú rẹ̀ á pọ́n, ohùn rẹ̀ á máa gbọ̀n, Àwòrò á sì dúró dè é. Wọn kì í sáré lu ara wọn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń jà: eléyìí á pe orúkọ igi, tọ̀hún á pe orúkọ ẹni tó gbin igi, eléyìí á sọ ohun tí ejò ń jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, tọ̀hún á rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn ọmọdé á sá pamọ́ sẹ́yìn àga, wọ́n á sì tún yọjú. Òrìṣàbùnmi, ìyàwó Jímọ̀h Àlíù nígbà náà, á bọ́ sáàárín wọn pẹ̀lú ohùn tútù tó lágbára ju igbe àwọn méjèèjì lọ. Inú eré yẹn ni orúkọ rẹ̀ ti wá, orúkọ náà ni wọ́n sì fi sin ín.

Ọ̀nà orin ni Moses Ọláìyá gbà wọlé ní tirẹ̀. Olórin háiláìfù ni, ó ní ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies. Ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá fún un níbẹ̀ ni a wá mọ̀ sí Sunny Adé. Nígbà tó yá, àwàdà borí orin, ẹgbẹ́ náà di Aláwàdà, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sì gbé wọn wọ ilé àwọn ènìyàn.

Ẹ wo ìmúra rẹ̀ fínnífínní. Dígí ojú rẹ̀ tóbi, kò sì ní awò nínú. Táì ọrùn rẹ̀ fẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ ńlá. Aago ìdágìrì tí à ń gbé sórí tábìlì ló so mọ́ ọwọ́ bí aago ọwọ́. Yóò gbé ọwọ́ náà sókè, yóò wo aago bí ọ̀gá ilé iṣẹ́, yóò sì fi ìkánjú sọ̀rọ̀ bí ẹni tí owó ńlá ń dúró dè. Ahun ni Bàbá Sàlá, ó fẹ́ràn owó, ó fẹ́ràn obìnrin, ó sì gbà pé òun gbọ́n ju gbogbo ènìyàn lọ. Ohun tí a ń rí lára àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí owó epo ní àwọn ọdún 1970 ló wọ̀ sọ́rùn tó tún so mọ́ ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi ń rẹ́rìn-ín tí ọmọdé náà fi ń rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín kò dọ́gba.

Sinimá ti ń fa àwọn eléré mọ́ra lásìkò yẹn. Ọlá Balógun ti darí Àjàní Ògún ní 1976 pẹ̀lú Adéyẹmí Afọláyan, tí a mọ̀ sí Adé Love. Ògúndé ṣe Ayé ní 1979, èrò sì wọ́ bí omi. Ṣùgbọ́n ilé sinimá tó máa gba fíìmù Yorùbá kò pọ̀. Ti Íńdíà àti ti Ṣáínà ni wọ́n ń gbé sójú ògiri. Nítorí náà, àwọn ọ̀gá eléré ṣe ohun tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n di fíìmù sínú àpótí, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìfihàn sínú ọkọ̀, wọ́n yí ìlú ká pẹ̀lú gbohùngbohùn, wọ́n sì dúró lẹ́nu ọ̀nà fúnra wọn láti gba owó. Bí ọjọ́ ọdún bá dé, Ilé Ìṣeré Orílẹ̀-èdè tó wà ní Ìgànmú, Èkó, á kún.

Ọdún 1982 ni Bàbá Sàlá gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun náà ló darí rẹ̀. Oníṣòwò kan tí àwọn oníjìbìtì ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, Làmídì, bẹ́ sómi láti pa ara rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú. Fíìmù ńlá ni, owó ńlá ló jẹ, owó tó yá sì wà nínú rẹ̀. Kí fíìmù náà tó yí ìlú ká tán, àwọn olè ti ṣe àdàkọ rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri. Ta ló tún máa ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà tí fíìmù ti wà nínú pálọ̀ aládùúgbò? Ẹni tó ṣe fíìmù nípa ọkùnrin tí jìbìtì sọ di aláìní ni olè wá sọ di onígbèsè. Ó tún ṣe fíìmù lẹ́yìn ìgbà náà, Ààrẹ Àgbáyé wà níbẹ̀, Mosebọ́látán wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kò padà bọ̀ sípò bíi ti tẹ́lẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà tó le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kò jáde títí di 1988. Ó ti pẹ́ jù fún un.

Òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà bà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù, owó òkè òkun ni wọ́n sì fi ń san án. Nígbà tí ìjọba Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé kalẹ̀ ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, agbára ọ̀gá eléré kò ká a mọ́. Àwọn bíi Muyideen Àlàdé Àrómirẹ́ gbé kámẹ́rà fídíò dání. Kásẹ́ẹ̀tì kan náà tí olè fi jí fíìmù Bàbá Sàlá ni wọ́n wá fi ń ṣe fíìmù. Ẹ̀rù alẹ́ àti ọlọ́ṣà kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn jáde wòran mọ́, wọ́n rà á, wọ́n gbé e lọ sílé. Ìdúmọ̀tà di ọjà fíìmù, oníṣòwò ló wá ń pàṣẹ, ilé ọ̀gá sì tú ká díẹ̀díẹ̀. Òṣèré kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá pè é ló ń bá ṣiṣẹ́.

Ayé fídíò yìí ni Bàbá Sùwé jọba lé lórí. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni, láti 1971 ló ti wà nídìí eré, ṣùgbọ́n fídíò ló sọ ọ́ di ará gbogbo ilé. Mo máa ń rò pé kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń fi ojú lásán pa ènìyàn lẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀: yóò tẹjú mọ́ni, yóò gbé ìpéǹpéjú sókè, ẹ ó sì ti di ikùn mú kó tó la ẹnu. Mọládùn Kẹ́nkẹ́lẹ̀wù, ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń ṣeré, kú ní 2009. Ní oṣù kẹwàá 2011, àwọn agbófinró mú Bàbá Sùwé ní pápákọ̀ òfurufú Èkó pé ó gbé oògùn olóró mì. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi tì í mọ́lé tí wọ́n ń ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀, wọn kò rí nǹkankan. Ilé ẹjọ́ gíga ní Èkó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n náírà fún un. Bàbá Sùwé fúnra rẹ̀ sọ pé owó náà kò tẹ òun lọ́wọ́. Àìsàn sì dé lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn ènìyàn dá owó jọ fún un kó tó kú, èyí dára, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa odidi ìran kan lẹ́rìn-ín kò yẹ kó gbé ara lé owó tí a dá jọ.

Nípa ti iṣẹ́ tí àwọn òṣèré wọ̀nyí fi sílẹ̀, tó ṣòro láti rí báyìí, ìrètí ṣì wà. Fíìmù kan tí wọ́n fi èdè Haúsá ṣe ní 1976, Shaihu Umar, ni gbogbo ènìyàn ti gbà pé ó ti sọnù. Ní 2016 wọ́n rí i nínú ibi ìkó-fíìmù-pamọ́ sí ní Jos. Àwọn ará Jámánì bá wọn tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní oṣù kejì 2018, ọdún tí Bàbá Sàlá kú gan-an. Fíìmù Yorùbá ìgbà yẹn tí ó yẹ kí a wá bẹ́ẹ̀ kò kéré.

Àwọn eré orí ìtàgé tí kò dé inú fíìmù rárá náà wà nínú ìwé ìròyìn kan, Atọ́ka, tó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Wọ́n á ya àwòrán eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n á sì tẹ ọ̀rọ̀ òṣèré kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àwòrán rẹ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀dà kan nínú àpótí bàbá yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ikán jẹ ẹ́, ẹ má sì tà á fún ẹlẹ́pà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìkàwé yunifásítì tó bá súnmọ́ yín, kí wọ́n yà á sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú àwòrán náà sí i nígbà tí ẹni tó dá wọn mọ̀ ṣì wà láàyè.