Iyọ̀ tó ń gba ẹ̀mí là, òun náà ló pa èèyàn lọ́dún 2014

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, oṣù Kẹjọ, ọdún 2014, tí fóònù fi ń dún láti ilé dé ilé káàkiri Nàìjíríà. Ìyá ń pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n ń pe àbúrò. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kí oníkálukú fi omi gbígbóná oníyọ̀ wẹ̀, kó sì mu nínú rẹ̀ kí ojúmọ́ tó mọ́, torí pé òun ni kò ní í jẹ́ kí àrùn Ẹ̀bólà mú un. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nígbà náà tí arìnrìn-àjò kan gbé àrùn ọ̀hún wọ Èkó láti Làìbéríà, ojora sì ti mú tọmọdé tàgbà. Iye iyọ̀ tó yẹ kéèyàn bù kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ kiri. Kálukú bù ú bó ṣe mọ̀ ọ́n bù.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù náà, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé ó kéré tán, èèyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ̀bólà kọ́ ló pa wọ́n.

Kí ló dé tí iyọ̀ tí gbogbo ilé ń fi se ọbẹ̀ fi lè pa èèyàn? Ọ̀rọ̀ omi ni. Bí ọkùnrin kan tó ti dàgbà bá wọn 70 kílò, nǹkan bíi 42 kílò nínú rẹ̀, omi ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ tíntìntín tó para pọ̀ di ẹran ara. Ìyókù wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀hún. Sódíọ́ọ̀mù, tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, ló pọ̀ níta sẹ́ẹ̀lì. Pọtásíọ́ọ̀mù, irú èyí tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti omi àgbọn, ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ibi tí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù ni omi máa ń wọ́ lọ. Ẹni tó bá ti fi iyọ̀ ra ẹja tútù rí, tó wá ń wo bí omi ṣe ń ro tótó jáde lára rẹ̀, ti fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun tó ń ṣe ẹja náà ló ń ṣe ẹni tó gbé omi iyọ̀ mu. Iyọ̀ á pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, á máa fa omi jáde nínú sẹ́ẹ̀lì, ti ọpọlọ náà ò sì gbẹ́yìn. Ọpọlọ á sún kì, orí onítọ̀hún á dàrú, gìrì sì lè mú un. Kíndìnrín ló yẹ kó kó iyọ̀ náà dà nù. Òṣìṣẹ́ tí kì í sinmi ni: láàárín wákàtí 24, ó ń sẹ́ nǹkan bíi 180 lítà omi látinú ẹ̀jẹ̀, á dá a padà, àyàfi lítà kan sí méjì tó máa di ìtọ̀. Àmọ́ agbára rẹ̀ ní ibi tó mọ, pàápàá lára ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀.

Iyọ̀ yìí kan náà ló gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là lọ́dún 1971. Ogun ló lé àwọn èèyàn kúrò ní Ìlà-Oòrùn Pakistan, tó padà di Bangladesh, tí wọ́n fi sá wọ Íńdíà. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn ní Bangaon, nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tó mú ló sì ń kú. Omi tí wọ́n ń fà síni lára kò tó lọ́wọ́ wọn mọ́. Dókítà Dilip Mahalanabis wá ní kí wọ́n po iyọ̀, gúlúkóòsì àti békìn-sódà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí máa fi ife bu ún fún aláìsàn. Láàárín àwọn tó mu ún, iye àwọn tó ń kú já wálẹ̀, kò pé mẹ́rin nínú 100. Ọ̀pọ̀ dókítà ni kò kọ́kọ́ gbà pé ohun tó rọrùn tó báyìí lè ṣiṣẹ́. Ọdún 2022 ni Mahalanabis kú.

Àwọn kan rò pé torí kí omi náà lè dùn lẹ́nu ọmọdé ni wọ́n ṣe ń fi ṣúgà sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1960 ni Robert Crane ṣàlàyé ní ìlú Prague pé ilẹ̀kùn kan wà lára ìfun tí kì í ṣí fún iyọ̀ àfi tí ṣúgà bá bá a dé ibẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Onígbáméjì kì í ba ilẹ̀kùn yìí jẹ́, bó ti wù kí ìgbẹ́ gbuuru náà le tó.

Àwọn òbí àtijọ́ ò ní í gbàgbé ìpolongo omi oníyọ̀ àti ṣúgà ayé Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, tó di mínísítà ìlera lọ́dún 1985. Ìgò bíà ńlá kan tàbí ìgò mínírà méjì ni wọ́n fi ń wọn omi nígbà yẹn. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí o: ìgò ti yí padà, ṣíbí náà kò dọ́gba mọ́. Ìyá àgbà tó bá ń fi ìwọ̀n àtijọ́ po omi fún ọmọ-ọmọ lè ṣèèṣì fi iyọ̀ pa á lára. Èyí tí WHO fọwọ́ sí ni lítà kan omi mímọ́, ìyẹn omi inú ọ̀rá méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Kí wọ́n fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́jú. Èyí tó wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì ní ilé ìtajà oògùn tún dára ju àpòpọ̀ ilé lọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á máa mu ìlàrin sí ìdajì ife lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìyá rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dá ọmú dúró. Bó bá bì í, kí wọ́n sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n tún máa fi ṣíbí bu ún fún un díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tí ọmọ kò lè mu nǹkan, tàbí tó ń tòògbé ṣáá, ọsibítù ló kàn.

Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà yàtọ̀ díẹ̀, òun sì ni wọn kì í sábà sọ. Bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ sókè ni òùngbẹ ń dín kù. Ara bàbá lè ti gbẹ kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Omi tó wà lára wọn gan-an ti dín kù sí ti ìgbà èwe, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń múni tọ̀ sì tún ń kó nínú rẹ̀ jáde. Fífa awọ ara wò kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wọn, torí awọ àgbà ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu tó gbẹ, òòyì tó ń kọ́ wọn bí wọ́n bá dìde, ìtọ̀ tó pọ́n bí omi àgbo, àti ọ̀rọ̀ tó ń dà rú ni kí wọ́n máa wò. Àìmọye ìgbà ni wọ́n ń sọ pé ìyá ti ń ṣarán, nígbà tó jẹ́ pé omi àti iyọ̀ ara wọn ni kò dọ́gba. Ẹni tí ọkàn tàbí kíndìnrín rẹ̀ ń ṣàìsàn ní tiẹ̀ kò gbọdọ̀ dá ara rẹ̀ pinnu iye omi tó máa mu. Dókítà ló máa sọ ọ́.

Bí ṣíbí bá ń dá ẹni tó fẹ́ po omi náà lójú tì í, àwọn nọ́ọ̀sì ní ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń dán an wò: kí ó kọ́kọ́ po iyọ̀ nìkan mọ́ omi, kó tọ́ ọ wò kó tó da ṣúgà sí i. Bó bá ti lè níyọ̀ ju omijé lọ, kó dà á nù, kó tún òmíràn pò.