Ọlọ́pàá Oníkẹ̀kẹ́ ní Ọgbà Yunifásítì

Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ pọ̀ bí eéṣú, àwọn ọlọ́pàá kan ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere ṣọ́ ọgbà Yunifásítì, lè rò pé owó ọkọ̀ ni kò tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọ̀pọ̀ Yunifásítì ilẹ̀ náà ni ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ní Yale ni èyí ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1894, nígbà tí a yan ọlọ́pàá méjì láti ìlú New Haven láti máa ṣọ́ ọgbà náà. Kẹ̀kẹ́ pàápàá kì í ṣe ohun titun lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí Theodore Roosevelt, ẹni tí ó di Ààrẹ lẹ́yìn náà, wà nínú ìgbìmọ̀ ọlọ́pàá New York láti 1895 sí 1897, ó ní ẹgbẹ́ ọlọ́pàá oníkẹ̀kẹ́ tí ń lé àwọn tí ń sáré àsápajúdé ní títì mú. Nígbà tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ dé, a pa kẹ̀kẹ́ tì.

Ìlú Seattle ni ó tún jí i dìde ní 1987. Wọ́n ń gbẹ́ ọ̀nà bọ́ọ̀sì abẹ́ ilẹ̀ ní àárín ìlú, ọkọ̀ ọlọ́pàá kò sì rí ọ̀nà kọjá. Ọlọ́pàá méjì bọ́ sórí kẹ̀kẹ́, wọ́n sì ń ká àwọn arúfin mọ́ ibi tí wọn kò ti retí wọn. Àwọn àgbà tí ó rántí wolé-wolé orí kẹ̀kẹ́ mọ bí èyí ti ń rí: ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó ráyè bo àmù tí ó ní tanwíji.

Ọgbà Yunifásítì bá kẹ̀kẹ́ mu ju ìgboro lọ. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni ó pọ̀ níbẹ̀, láàrin igi àti ilé gogoro, àtẹ̀gùn sì wà káàkiri. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ní láti yí ọgbà ká. Oníkẹ̀kẹ́ a gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ṣùgbọ́n ìdí kan wà tí ó jinlẹ̀ ju eré lọ. Ní 1986, a pa akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Jeanne Clery, ẹni ọdún 19, nínú yàrá rẹ̀ ní Yunifásítì Lehigh. Ilẹ̀kùn tí ó yẹ kí a tì, tí a kò tì, ni apànìyàn náà gbà wọlé. Òfin tí a ń fi orúkọ rẹ̀ pè, tí a ṣe ní 1990, pa á láṣẹ pé kí Yunifásítì máa kéde ìwà ọ̀daràn tí ó bá ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn. Ìkéde kì í ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́pàá inú ọkọ̀ kì í rí òkúta tí akẹ́kọ̀ọ́ fi há ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí ó má baà padé. Oníkẹ̀kẹ́ tí ó gba ẹ̀bá ògiri kọjá lè rí i, kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀rù ń bà ní alẹ́ lè pè é láìjìnnà.

Iṣẹ́ náà gba ẹ̀kọ́. Ọlọ́pàá ní láti mọ bí a ti ń gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, àti bí a ti ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ láàrin èrò láìfi ẹsẹ̀ kanlẹ̀, èyí tí ó ṣòro ju eré sísá lọ. Akoto kò gbọ́dọ̀ kúrò ní orí rẹ̀. Kò sì lè fi kẹ̀kẹ́ gbé ẹni tí ó mú. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ni yóò fi pe ọkọ̀. Bí yìnyín bá bo ilẹ̀, ọkọ̀ náà ni yóò máa ṣọ́ ọgbà.

Olè kẹ̀kẹ́ ni ó sábà máa ń yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Nítorí náà ni àwọn ọlọ́pàá ṣe ń gbà wọ́n níyànjú láti kọ nọ́ńbà tí a tẹ̀ sára irin kẹ̀kẹ́ wọn sílẹ̀. Bí a kò bá rí i lókè, kí a dojú kẹ̀kẹ́ dé: ó sábà máa ń wà lábẹ́, níbi tí a so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mọ́.