Láti Gbọ̀ngán dé Switzerland: Bí ìyá tó lọ wẹ ọmọ ṣe ṣọ́ owó ná nílùú olówó

Kò sí ìyá tí ọmọ rẹ̀ bímọ tí kò ní fẹ́ lọ wẹ ọmọ, ìbáà jẹ́ Ìkirè ni wọ́n bí i sí, ìbáà jẹ́ òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá àgbà kan ní Gbọ̀ngán, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé sì jẹ́ àgbẹ̀ olóko kòkó, gbọ́ pé ìlú Basel lórílẹ̀-èdè Switzerland ni ọmọ òun yóò bímọ sí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Èló ni yóò ná wa?”

Ìdáhùn rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Owó Abacha ni ọ̀pọ̀ èèyàn nílé wa fi mọ orúkọ Switzerland, ìyẹn owó tó lé ní 320 mílíọ̀nù dọ́là tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn láti dá padà fún Nàìjíríà ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá padà ṣáájú. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí nǹkan ti wọ́n jù lágbàáyé. Fráǹkì ni wọ́n ń ná níbẹ̀, kì í ṣe yúrò bíi ti Jámánì àti Faransé tó múlé tì wọ́n, ẹyọ fráǹkì kan sì ju 1,500 náírà lọ ní ọdún 2025. Àlejò tí kò bá ní ẹni tí yóò gbà á sílé gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 100 fráǹkì tí òun yóò máa ná lójúmọ́. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ó lé ní 150,000 náírà fún ọjọ́ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ 70,000 náírà ni owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí lọ́dún 2024. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà kò lè dá irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gbé.

Ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ni kí ọmọ dúró fún ìyá rẹ̀. Òfin wọn gba ẹni tó ń gbé níbẹ̀ láàyè láti fọwọ́ sí ìwé onídùúró, pé bí àlejò òun bá jẹ gbèsè, yálà nílé ìwòsàn tàbí níbòmíràn, òun ni yóò san án, títí dé 30,000 fráǹkì. Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ọmọ náà àti ọkọ rẹ̀ sùn dáadáa fún bí ọjọ́ mélòó kan, nítorí pé ìyá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí àìsàn bá sì gbé e dè níbẹ̀, ọrùn àwọn méjèèjì ni. Wọ́n padà fọwọ́ sí i. Ìwé ìdójútòfò ìlera tó tó 30,000 yúrò náà pọn dandan, láìsí i, kò sí físà.

Owó físà fúnra rẹ̀ jẹ́ 90 yúrò láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, ó ju 140,000 náírà lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́, owó náà kò padà mọ́. Ibi tí àwọn tó ń pe ara wọn ní àgẹ́ǹtì ti máa ń wọlé nìyí. Ọ̀kan nínú wọn wá bá ìyá wa, ó ní òun yóò bá a wá àkọsílẹ̀ owó báńkì tí yóò wúwo dáadáa. Ìyá ní kó máa lọ. Ó ṣe ohun tó dára, nítorí pé Switzerland ti wà nínú ẹgbẹ́ físà Schengen láti ọdún 2008, àwọn orílẹ̀-èdè mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló sì jọ wà nínú rẹ̀ báyìí. Ayédèrú ìwé tí ẹnì kan bá gbé lọ sọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ojú àwọn yòókù lè tó o.

Ẹrù dídì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Èlùbọ́, gàrí, ata gígún àti dòdò Ìkirè tí ọmọ náà ń yán hànhàn fún wọ inú báàgì. Pọ́nmọ́ àti ẹran gbígbẹ kò bá wọn lọ, nítorí pé òfin kò gbà kí èèyàn kó ẹran tàbí ohun tí wọ́n fi wàrà ṣe wọ ibẹ̀ láti Nàìjíríà.

Nígbà tó débẹ̀, ó rí i pé kọfí ife kan nílé oúnjẹ lé ní 4 fráǹkì. Láti ọjọ́ náà, kò jẹun níta mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù Migros àti Coop, nígbà tí wọ́n bá ti lẹ ìwé ẹ̀dínwó mọ́ búrẹ́dì àti ẹran tó kù, tí òmíràn á sì di ìdajì owó. Kò ra omi rárá, nítorí pé omi ẹ̀rọ ibẹ̀ ṣeé mu, omi sì ń tú jáde lẹ́bàá ọ̀nà káàkiri ìlú fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìgò wá. Ní Sátidé, òun àti ọmọ rẹ̀ á wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro, nọ́ńbà 8, tó ń ti Basel lọ sí Weil am Rhein ní Jámánì, níbi tí ọjà ti rọjú. Ẹran tí ẹnì kan lè gbé padà láìsan owó ibodè kò gbọ́dọ̀ ju kílò kan lọ. Àpapọ̀ ọjà tí kò ní san owó ibodè náà ti dín kù, láti 300 fráǹkì sí 150, láti oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ohun tó ya ìyá lẹ́nu jù ni ìdọ̀tí. Wọn kì í da ìdọ̀tí sínú ọ̀rá tó bá ṣáà ti wu èèyàn. Ọ̀rá ìjọba ni, ọ̀kan sì tó nǹkan bíi 2 fráǹkì. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọ̀rá kan lè gbà á.

Lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, ọkọ ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ wo òkè yìnyín Jungfraujoch. Ibùdókọ̀ ojú irin tó wà níbẹ̀ ga tó 3,454 mítà, ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà irin náà, wọ́n sì parí rẹ̀ lọ́dún 1912. Òkè Ìdànrè kò tó ìdá mẹ́ta rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé owó ọkọ̀ ẹnì kan ju 200 fráǹkì lọ, ìyá ní, “Ẹ ṣeun, ọkọ mi, ṣé òkè yẹn kò ṣeé wò láti òkèèrè ni?” Ó ṣeé wò. Wọ́n ra ìwé tó ń jẹ́ kí èèyàn san ìdajì owó rélùwéè, wọ́n sì lọ sí Bern, tí kò ju wákàtí kan lọ. Ojú ọjọ́ mọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dúró síbẹ̀ títí, wọ́n ń wo Eiger, Mönch àti Jungfrau tí yìnyín bò, láìsan kọ́bọ̀.

Ìyá padà sílé kí 90 ọjọ́ tí físà fàyè gbà tó pé. Ṣokoléètì ló kó bọ̀, irú èyí tí kò wọ́n ní Migros, tí ẹyọ kan kò tó 3 fráǹkì. Ilẹ̀ Switzerland kò ní oko kòkó kankan, síbẹ̀ nílùú Vevey níbẹ̀ ni Daniel Peter ti kọ́kọ́ fi wàrà ṣe ṣokoléètì lọ́dún 1875. Ó mú díẹ̀ lọ fún ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé, bàbá kan tó ti ń sá kòkó láti ìgbà èwe rẹ̀, tí kò sì tọ́ irú rẹ̀ wò rí. Bàbá tọ́ ọ wò, ó ní ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó wá béèrè iye rẹ̀. Ìyá ṣí i sí náírà fún un. Bàbá wo ìyókù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìwé rẹ̀ wé e padà, ó sì tì í bọ àpò.